Ẹ̀dà ìdánwò SQL Server: bí a ṣe ń fi í sórí ẹ̀rọ, àti bí a ṣe ń jáde nínú rẹ̀ kí ọgọ́sàn-án ọjọ́ tó pé

Ní agbègbè wa yìí, láti Kàbbà títí dé Ìsánlú, tí wọ́n bá sáré pe ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, ẹjọ́ kan náà ló sábà máa ń jẹ́: "Sọ́fúwià tá a lò lánàá kò ṣí mọ́." Àwọn kan á ní fáírọ́ọ̀sì ni, àwọn kan á ní iná NEPA ló ba ẹ̀rọ jẹ́. Tí èèyàn bá tú u wò, á rí i pé ẹ̀dà ìdánwò SQL Server, sọ́fúwià Microsoft tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ (dátábéèsì), ni ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà fi síbẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Kò sọ fún wọn, ó sì ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ò ṣàìsàn kankan. Ọjọ́ ló pé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tàbí àwọn tó ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. SQL Server 2022 ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ, torí òun ni mo ń bá pàdé jù lórí ẹ̀rọ àwọn èèyàn. Màá mẹ́nu kan Oracle àti Db2, sọ́fúwià dátábéèsì ti ilé iṣẹ́ míì, nísàlẹ̀.

Ẹ mọ ohun tí iṣẹ́ yín ń fẹ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan

Mẹ́ta ni ẹ̀dà tí Setup á fi síwájú yín láìbéèrè owó: Evaluation, Developer àti Express. Àṣìyàn láàárín mẹ́ta yìí ló ń bí ọ̀pọ̀ wàhálà.

Evaluation ni ẹ̀dà ìdánwò gan-an. Gbogbo agbára Enterprise, ẹ̀dà tó lágbára jù tó sì wọ́n jù, ló wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ 180 ni wọ́n fún un, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sì fi í sórí ẹ̀rọ ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ lò ó o, ẹ ò lò ó o. Kẹ́ ẹ lè fi yẹ ọjà wò kẹ́ ẹ tó rà á ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀.

Developer náà ní agbára Enterprise, kò sì ní ọjọ́ tó máa pé. Láti 2016 ni Microsoft ti ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ ẹni tó ń kọ prógíráàmù tàbí tó ń dán an wò nìkan ló wà fún. Ọjọ́ tí akọ̀wé bá fi í kọ owó gidi tí ọmọ ẹgbẹ́ san sílẹ̀, ẹ ti rú àdéhùn, bí ẹ̀rọ ò tilẹ̀ ní sọ̀rọ̀.

Express lọ́fẹ̀ẹ́ títí láé, ẹ sì lè fi ṣiṣẹ́ gidi. Ààlà rẹ̀ ni pé dátábéèsì kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju gígábáìtì 10 lọ (nínú SQL Server 2025, wọ́n ti sọ ọ́ di 50). Kò ní lo ju megabáìtì 1,410 nínú mẹ́mọ́rì lọ láti fi di dátà mú, kò ní lo ju core (ọpọlọ inú prósẹ́sọ̀) mẹ́rin lọ, kò sì ní SQL Server Agent, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó máa ń ṣe bákọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ lóru.

Ẹ̀rù gígábáìtì 10 yìí ló máa ń ba àwọn èèyàn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ìyàrá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ìwé wa ò ní pọ̀ jù fún un? A ò kéré o." Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó, mà." Ẹ ní ọmọ ẹgbẹ́ 800, kí gbogbo wọn máa dá owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ìlà 41,600 lọ́dún. Tí ìlà kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 200, àpapọ̀ rẹ̀ ò tó megabáìtì mẹ́sàn-án lọ́dún. Ẹ ṣe é fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kò ní pé gígábáìtì kan. Fọ́tò àti fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà ló ń jẹ àyè. Ẹ kó wọn sínú fọ́ọ̀dà lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ kọ ojú ọ̀nà wọn nìkan sínú dátábéèsì.

Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ jù lọ lára àwọn tó ń fi Evaluation ṣiṣẹ́ níbí, Express ló yẹ wọ́n. Ta wá ni Evaluation yẹ? Ilé ìwòsàn tí wọ́n fẹ́ ta prógíráàmù àkọsílẹ̀ aláìsàn fún, tí ẹni tó ń tà á sì ní Standard (ẹ̀dà olówó tó kéré sí Enterprise) tàbí Enterprise lòun ń fẹ́. Ilé ìwé gíga tó fẹ́ mọ̀ bóyá sáfà méjì lè máa gba iṣẹ́ ara wọn ṣe bí iná bá lọ níbì kan. Ẹni tó ti ní owó láìsẹ́ǹsì lọ́kàn, tó fẹ́ rí ọjà kó tó sanwó. Tí kò bá sí ríra ọjà lọ́kàn yín rárá, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Evaluation.

Ẹ má sì kó orúkọ àti nọ́ńbà fóònù aláìsàn tàbí ọmọ ẹgbẹ́ gidi sínú ẹ̀rọ ìdánwò. Nigeria Data Protection Act ti wà láti 2023, kò sì yọ dátábéèsì ìdánwò sílẹ̀. Ẹ hùmọ̀ orúkọ. Àdúkẹ́ Kìíní títí dé Àdúkẹ́ Ẹgbẹ̀rún ti tó láti fi dán nǹkan wò.

Ẹ̀rọ àti dátà

Windows 10 tàbí 11, tàbí Windows Server 2016 sókè, ni 2022 ń fẹ́, kó sì jẹ́ oní-64-bit. Ìwé Microsoft ní gígábáìtì kan ni mẹ́mọ́rì tó kéré jù, mẹ́rin ló dára. Tí lápútọ́ọ̀pù náà bá tún máa ṣí Chrome àti Excel, èmi ò ní fọwọ́ sí ohun tí kò tó mẹ́jọ. Ẹ fi gígábáìtì 6 sílẹ̀ lórí dísíìkì, ó kéré tán.

Lápútọ́ọ̀pù tuntun tó ní Windows 11 àti dísíìkì NVMe ní wàhálà kan tó ti da ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ láàmú. Setup á lọ geerege, ó kù díẹ̀ kó parí, á wá kígbe pé "Wait on the Database Engine recovery handle failed". Àwọn kan á tún Windows fi sí i látìbẹ̀rẹ̀, nǹkan kan náà á tún ṣẹlẹ̀. Ohun tó fà á ni pé dísíìkì sọ fún Windows pé sẹ́kítọ̀ òun (ìpín kékeré tó fi ń kọ dátà) tóbi ju báìtì 4,096 lọ, SQL Server ò sì gba irú rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator:

fsutil fsinfo sectorinfo C:

Ẹ wo ìlà PhysicalBytesPerSectorForAtomicity àti èyí tó parí sí ForPerformance. Tí ẹ bá rí 4096 tàbí 512, ẹ máa lọ. Tí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tẹ èyí lórí ìlà kan ṣoṣo:

reg add "HKLM\SYSTEM\CurrentControlSet\Services\stornvme\Parameters\Device" /v ForcedPhysicalSectorSizeInBytes /t REG_MULTI_SZ /d "* 4095" /f

Ẹ pa ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ tún un tàn. Tí Setup bá ti kùnà kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ èyí tó há náà kúrò nínú Apps, kẹ́ ẹ tó tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ dátà wá kàn. Lórí ìkànnì Microsoft, ẹ máa kọ orúkọ, ímeèlì àti orílẹ̀-èdè yín, wọ́n á sì fún yín ní fáìlì kékeré kan, SQL2022-SSEI-Eval.exe. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, nǹkan mẹ́ta ló máa fi hàn: Basic, Custom àti Download Media. Basic ló ń wu ojú, àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló fi ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ń lọ, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì dá dúró láàárín, ó di àtúnṣe. Ẹ mú Download Media, kẹ́ ẹ yan ISO, fáìlì kan ṣoṣo tí gbogbo Setup wà nínú rẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní gígábáìtì kan. Ẹ ṣe é lóru tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúyẹ́, tàbí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ sí Lọ́kọ́ja, kẹ́ ẹ gbé e sórí fúláàṣì. Kò tún yẹ kẹ́ ẹ wa ISO míì jáde fún Developer tàbí Express. Inú èyí náà lẹ ti máa yan wọ́n.

Ẹ wa SQL Server Management Studio jáde pẹ̀lú, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní SSMS. Inú rẹ̀ lẹ ti máa wo dátábéèsì, tẹ́ ẹ sì ti máa tẹ àwọn àṣẹ SQL. Kò sí nínú ISO. Èyí tó jẹ́ tuntun ń fa nǹkan láti íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń wọlé. SSMS 20 ṣì jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo tẹ́ ẹ lè gbé kiri.

Ó yá, ẹ fi í sórí ẹ̀rọ

Ẹ má gbára lé iná ìta nìkan. Kí lápútọ́ọ̀pù gba iná kún, tàbí kí jẹnẹrétọ̀ àti UPS wà nítòsí. Ẹ tẹ ISO lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí, kẹ́ ẹ tẹ setup.exe.

1. Lọ́wọ́ òsì, ẹ tẹ Installation. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ìlà àkọ́kọ́, New SQL Server standalone installation.

2. Ojú ewé Edition ló kàn. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Lábẹ́ "Specify a free edition", ẹ yan Evaluation, Developer tàbí Express. Ẹni tó ti ra láìsẹ́ǹsì á kọ kọ́kọ́rọ́ oní-lẹ́tà 25 sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀ka kan tún wà tí wọ́n á ti máa gba owó lọ́wọ́ yín nípasẹ̀ Azure, iṣẹ́ Microsoft tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fò ó.

3. Ẹ gba àdéhùn. Ẹ kà á o, ó kéré tán ibi tó ti sọ ohun tẹ́ ẹ lè fi ẹ̀dà náà ṣe.

4. Azure Extension for SQL Server á ti ní àmì nínú àpótí rẹ̀. Ẹ yọ ọ́. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, á máa béèrè àkáǹtì Azure, kò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá.

5. Ní Feature Selection, Database Engine Services nìkan ti tó. Mo ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n yan gbogbo nǹkan síbẹ̀ nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Ó ń wọ́ tuuru láti ìgbà tí wọ́n bá ti tàn án.

6. Ní Instance Configuration, ẹ fi í sí Default instance, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MSSQLSERVER. Instance ni SQL Server kọ̀ọ̀kan tó ń dá ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ. Tí ẹ bá rò pé Express máa wá gba ipò rẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan náà, èyí dára gan-an, torí Express á jẹ́ SQLEXPRESS, wọn ò sì ní figa gbága.

7. Ní Database Engine Configuration, ẹ yan Mixed Mode (kí orúkọ Windows àti orúkọ oní-pásíwọ́ọ̀dù lè jọ máa wọlé), kẹ́ ẹ fún "sa", orúkọ ọ̀gá pátápátá inú SQL Server, ní pásíwọ́ọ̀dù tó le, kẹ́ ẹ sì tẹ Add Current User. Tí ẹ bá gbàgbé Add Current User, tí pásíwọ́ọ̀dù "sa" sì sọ nù, àtiwọlé á di wàhálà ńlá. Lórí ojú ewé yìí kan náà, ẹ lọ sí Memory. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, SQL Server lè máa gba mẹ́mọ́rì títí tí Windows fi máa há. Lórí ẹ̀rọ gígábáìtì 8, mo máa ń fi 4096 sí Max Server Memory.

8. Ẹ tẹ Install, kẹ́ ẹ lọ jẹun.

Tó bá parí, ẹ fi SSMS sórí ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ kọ àmì ìdánudúró kan ṣoṣo (.) sí Server name. Tí SSMS 20 bá ń sọ̀rọ̀ nípa sàtífíkéètì, ẹ fi àmì sí Trust server certificate. Lórí ẹ̀rọ ara yín, ìyẹn ò ní ewu.

Ọ̀rọ̀ ẹ, ọ àti ṣ

Àwọn tó kọ ìtọ́sọ́nà SQL Server lókè òkun kì í ronú kan èyí, bẹ́ẹ̀ ohun àkọ́kọ́ tí akọ̀wé tiwa máa rí nìyí: orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ di àmì ìbéèrè. Collation (ìlànà tí SQL Server fi ń mọ lẹ́tà, tó sì fi ń fi wọ́n wéra) tí Setup máa ń yàn fún Windows tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ni SQL_Latin1_General_CP1_CI_AS. Ó mọ á, à, é, ó. Kò mọ ẹ, ọ, ṣ.

Ẹ wò ó. Tí òpó (column) Orúkọ bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní VARCHAR, tí ẹ sì kọ 'Ṣọlá', ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ ni "??lá". Lẹ́tà tó sọ nù yẹn kò ṣeé gbà padà, àfi kẹ́ ẹ tún orúkọ kọ. Nítorí náà, NVARCHAR ni kẹ́ ẹ fi ṣe gbogbo òpó tí orúkọ èèyàn tàbí ìlú máa wọ̀, kẹ́ ẹ sì fi N ṣíwájú ọ̀rọ̀:

INSERT INTO OmoEgbe (Oruko) VALUES (N'Ṣọlá');

Tí òpó bá jẹ́ NVARCHAR ṣùgbọ́n tí ẹ gbàgbé N, àmì ìbéèrè náà lẹ máa rí. Méjèèjì gbọ́dọ̀ wà.

Èkejì ni wíwá orúkọ. Akọ̀wé kan á fi àmì sí i, èkejì á tẹ "Sola" lásán, ẹ̀rọ á sì ní èèyàn méjì ni wọ́n. Ẹ fi collation tó parí sí AI, èyí tí kì í ka àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà sí, wá a:

SELECT * FROM OmoEgbe WHERE Oruko COLLATE Latin1_General_100_CI_AI = N'sola';

Á gbé Ṣọlá, Sola àti Sọlá jáde pa pọ̀. Àmọ́ fún wíwá nìkan ni o. Ẹ má fi í ṣe ìpìlẹ̀ òpó orúkọ, kó má lọ máa ka Bọ́lá àti Bólá sí ẹnì kan ṣoṣo níbi tí kò yẹ.

Ọjọ́ mélòó ló kù?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹ̀dà tó wà níwájú yín, pàápàá tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló fi í síbẹ̀:

SELECT SERVERPROPERTY('Edition'), SERVERPROPERTY('ProductVersion');

Tó bá kọ "Enterprise Evaluation Edition", ẹ̀dà ìdánwò ni. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 16 ni 2022. Láti mọ ọjọ́ tó máa pé:

SELECT create_date, DATEADD(DAY, 180, create_date) FROM sys.server_principals WHERE name = N'NT AUTHORITY\SYSTEM';

Ọjọ́ tó wọlé ni àkọ́kọ́, ọjọ́ tó máa kú ni èkejì. Èyí tó wọlé ní January 10, 2026 á parí ní July 9. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ níbi tí akọ̀wé ti máa rí i lójoojúmọ́.

Àwọn kan á ní ẹ jẹ́ ká fa ọjọ́ kọ̀ǹpútà sẹ́yìn. Ẹ máà dán an wò. Yàtọ̀ sí pé jìbìtì ni, gbogbo owó tí wọ́n bá san lẹ́yìn náà á máa jẹ́ ọjọ́ irọ́ nínú ìwé, ọjọ́ tí olùṣirò owó bá sì dé, kò sẹ́ni tó máa lè ṣàlàyé rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á

Oṣù kan kí ọjọ́ tó pé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò owó, torí ìgbìmọ̀ ò ní pàdé nítorí yín. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ta láìsẹ́ǹsì. Ìkíní ni pé kẹ́ ẹ ka core. Kò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́rin fún prósẹ́sọ̀ kan, méjì-méjì ni wọ́n sì ń dì í tà. Èkejì ni pé kẹ́ ẹ ra láìsẹ́ǹsì sáfà, kẹ́ ẹ wá ra CAL (àṣẹ ìwọlé) fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tàbí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó ń wọ inú rẹ̀. Ti èkejì yìí, Standard nìkan ló ní in.

Ìyàtọ̀ owó wọn ga. Iye tí Microsoft kọ síta fún 2022 ni dọ́là 3,945 fún ìdì core méjì ti Standard, 15,123 fún ti Enterprise, 989 fún sáfà Standard, àti 230 fún CAL kan. Ẹni tó ń tà á lè ní iye tirẹ̀, àmọ́ ẹ fi èyí ṣírò. Ẹgbẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún: 989 pẹ̀lú 1,150, ìyẹn dọ́là 2,139. Core mẹ́rin Standard: 7,890. Core mẹ́rin Enterprise: 30,246. Níbi tí òṣìṣẹ́ mẹ́ta bá ti ń fi ẹ̀rọ kan ṣiṣẹ́ ní ìpín-ìpín, ẹ ra CAL fún ẹ̀rọ, kì í ṣe fún èèyàn.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Tí ẹ bá kọ́ ìkànnì kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ 800 á ti máa fi fóònù wo iye owó wọn, gbogbo wọn ló nílò CAL, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkànnì nìkan ló ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni core ti máa ń dínwó jù. Express ò sì mọ CAL rárá, ó tún jẹ́ ìdí mìíràn tí mo fi ń gbè é lẹ́yìn.

Kí láìsẹ́ǹsì wà ní orúkọ ẹgbẹ́ tàbí ilé iṣẹ́, kì í ṣe ní orúkọ oníṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú lórí WhatsApp kì í ṣe láìsẹ́ǹsì, ẹ ò sì ní rí ìwé kankan fi hàn.

Tí kọ́kọ́rọ́ bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ ṣe bákọ́ọ̀pù ná. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí setup.exe, ẹ lọ sí Maintenance, ẹ tẹ Edition Upgrade, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́, ẹ yan instance. Dátà ò ní kúrò níbi tó wà. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìlà àṣẹ lè kọ:

Setup.exe /q /ACTION=editionupgrade /INSTANCENAME=MSSQLSERVER /PID=KỌ́KỌ́RỌ́ /IACCEPTSQLSERVERLICENSETERMS

Láti Evaluation, ẹ lè bọ́ sí Standard, Enterprise tàbí Developer báyìí. Ẹ ò lè bọ́ sí Express.

Láti Evaluation lọ sí Express

Níwọ̀n bí Edition Upgrade kò ti gbà á, ẹ máa fi Express sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ kó dátà kọjá. Ẹ kọ́kọ́ bi dátábéèsì náà bóyá ó ti ń lo nǹkan tí Express ò ní:

SELECT feature_name FROM sys.dm_db_persisted_sku_features;

Inú dátábéèsì yín gan-an ni kẹ́ ẹ ti béèrè rẹ̀. Tí kò bá mú nǹkan kan wá, ẹ lọ. Tó bá dárúkọ nǹkan, bí ìpamọ́ àṣírí TDE, ẹ gbọ́dọ̀ pa á kó tó lè ṣí ní Express. Ẹ wá ṣe bákọ́ọ̀pù:

BACKUP DATABASE Egbe TO DISK = N'D:\Bakup\Egbe.bak' WITH CHECKSUM;

Láti inú ISO yẹn, ẹ fi Express wọlé pẹ̀lú orúkọ SQLEXPRESS. Ẹ so SSMS mọ́ .\SQLEXPRESS, ẹ tẹ Databases ní bọ́tìnnì ọ̀tún, ẹ yan Restore Database. Express 2022 lè gba bákọ́ọ̀pù 2022 tàbí èyí tó dàgbà jù ú lọ. 2019 ò ní gba ti 2022 láéláé, ẹ má ṣe wàhálà lórí rẹ̀.

Nǹkan méjì kì í bá bákọ́ọ̀pù wá. Àwọn login (orúkọ ìwọlé) wà nínú master, dátábéèsì tí SQL Server fi ń tọ́jú ara rẹ̀, nítorí náà ẹ tún wọn dá, kẹ́ ẹ sì fi ALTER USER akowe WITH LOGIN = akowe so wọ́n pọ̀. Àwọn iṣẹ́ òru tí Agent ń ṣe náà á dúró sẹ́yìn. Ẹ kọ ìlà BACKUP yẹn sínú fáìlì .sql kan, kí Task Scheduler ti Windows máa fi sqlcmd pè é:

sqlcmd -S .\SQLEXPRESS -E -i D:\Bakup\bakup.sql

Aago méjìlá ọ̀sán ni mo máa ń fi í sí dípò òru, torí ìgbà yẹn ni ọ́fíìsì sábà máa ń tan jẹnẹrétọ̀.

Tí ọjọ́ bá ti pé kẹ́ ẹ tó dé

Ẹ ṣí Event Viewer. Tí ẹ bá rí 17051, "SQL Server evaluation period has expired", ẹ fọkàn balẹ̀. Dátà ò sọ nù. Tí kọ́kọ́rọ́ bá wà, ẹ lo Edition Upgrade bí mo ṣe sọ, kẹ́ ẹ wá tan service náà nínú Services.

Tí kò bá sí kọ́kọ́rọ́, ẹ lọ sí C:\Program Files\Microsoft SQL Server\MSSQL16.MSSQLSERVER\MSSQL\DATA. Ẹ máa bá fáìlì .mdf àti .ldf dátábéèsì yín níbẹ̀. Service kò ṣiṣẹ́, nítorí náà wọ́n á gbà kẹ́ ẹ dà wọ́n kọ. Ẹ da méjèèjì kọ sórí fúláàṣì kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ fi Express 2022 wọlé, ẹ da fáìlì méjèèjì kọ sínú fọ́ọ̀dà DATA ti MSSQL16.SQLEXPRESS, kẹ́ ẹ tẹ Attach nínú SSMS. Ẹ má ṣe yọ SQL Server àtijọ́ kúrò títí tí akọ̀wé á fi ṣí prógíráàmù rẹ̀, tó sì rí àwọn orúkọ tó kọ kẹ́yìn.

Oracle àti Db2

Oracle ò ní aago. Kò sí ọjọ́ tó máa pé, kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan. Èèyàn lè wa Enterprise Edition jáde lónìí kó sì máa lò ó lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu rẹ̀ wà, torí pé fún kíkọ prógíráàmù àti ìdánwò nìkan ni wọ́n ṣe fún yín, bí wọ́n bá sì wá yẹ̀ yín wò, ẹ̀rọ ti ń kọ ohun gbogbo tẹ́ ẹ lò sílẹ̀ nínú DBA_FEATURE_USAGE_STATISTICS. Àwọn Diagnostics àti Tuning Pack tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ máa ń wà ní títàn nínú Enterprise láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Ẹ pa wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́:

ALTER SYSTEM SET control_management_pack_access = 'NONE';

Fún iṣẹ́ gidi tí kò tóbi, Oracle Database Free lẹ máa wá. Core méjì, mẹ́mọ́rì gígábáìtì méjì àti dátà gígábáìtì 12 ni ààlà rẹ̀, ẹ sì lè fi ṣòwò.

Db2 11.5 Community Edition ti IBM gba core mẹ́rin àti mẹ́mọ́rì gígábáìtì 16. Àṣẹ db2licm -l á sọ irú láìsẹ́ǹsì tó wà lórí ẹ̀rọ. Mi ò tíì rí ẹgbẹ́ kan lágbègbè yìí tó nílò rẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń fa iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́

Ẹ tẹ bébà kan jáde, kẹ́ ẹ fi sọ́wọ́ alága tàbí ọ̀gá ilé ìwé, kì í ṣe akọ̀wé nìkan. Ẹ kọ ẹ̀dà tó wà níbẹ̀, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó máa pé tó bá jẹ́ Evaluation, ibi tí bákọ́ọ̀pù ń lọ, àti ẹni tí láìsẹ́ǹsì wà ní orúkọ rẹ̀. Ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù "sa" sínú àpò ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ pa, kí wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ìwé owó wà. Kí ẹ̀yin àti alága fọwọ́ sí bébà náà, kẹ́ ẹ mú ẹ̀dà kan lọ.